Ìlà Funfun Iwájú Ilé Wa

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà fa ìlà funfun dé iwájú ilé wa ní Savè. Mo mọ aago náà nítorí pé fóònù mi ni mo ń wò, mo ń retí ìpè iṣẹ́ kan. Ìpè náà kò wá.

Etí ọ̀nà ọlọ́dà yẹn ni ìyá mi ti ń sá gbágùúdá láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kí ìlà tó dé, wọ́n máa ń fi àyè tó ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ fún ọkọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi tẹ́ gbágùúdá dé etí ìlà gan-an. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n. Lójú tiwọn, ààlà oko ni ìlà yẹn, a kì í sì í fi ilẹ̀ tó wà nínú ààlà ẹni ṣòfò.

Ó dà bíi pé àwọn awakọ̀ pẹ̀lú ka ìlà náà sí ààlà tiwọn, wọ́n sì ń wakọ̀ dé etí rẹ̀. N kò wọn nǹkan kan ṣáájú, nítorí náà n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n ń jìnnà sí etí ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo fọ́n eérú sórí ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ní òwúrọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ipa táyà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà nígbà méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí. Mo pe ìyá mi wá wò ó, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fà sẹ́yìn.

Wọ́n bi mí bóyá mo rí ọkọ̀ kankan tó kọjá ààlà. Mo ní n kò rí.

“Ọmọ tó kàwé tó báyìí,” ni ìyá mi wí, “eérú ló ń fọ́n kiri.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń yí gbágùúdá padà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń kọjá lọ sí ọ̀nà Parakou, àwọn àpò èédú yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpò kan gbá gèlè bọ́ lórí wọn. Ọkọ̀ náà kò dúró. Ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ rẹ̀ má mọ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

Mo wo eérú tí mo tún fọ́n ní àárọ̀ yẹn. Táyà ọkọ̀ náà kò kan ìlà.

Ìyá mi gbọn gèlè wọn. “Ẹrù rẹ̀ ni kò mọ ààlà.”

Èmi tí mo ń ṣọ́ ọ̀nà láti ọjọ́ mélòó kan, táyà nìkan ni mo ń wò.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n tó wọkọ̀ lọ sí Cotonou, mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ márùn-ún ló wà láàrin ìlà àti gbágùúdá. Ìyá mi wà lẹ́yìn gbágùúdá náà, wọ́n kọjú sí ọ̀nà.