Ọfà Tí Mo Gbàgbé Láti Yí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bajulaiye, òórùn kẹrosíìnì àti yíǹkì ló máa ń jí wa láàárọ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ni bàbá mi ti ń tẹ̀wé, òkè là ń gbé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ládùúgbò yẹn á rántí bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ń dún láti ojúlé dé ojúlé, tí àwo á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí a bá ti iléèwé dé, a ó mu gààrí pẹ̀lú ẹja yíyan tí àwọn ìyàwó apẹja gbé wá láti etí omi Bàrígà, iṣẹ́ á wá yá.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi kẹrosíìnì fọ lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé, kí n dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. Ọdún tí mo pé mọ́kànlá ni bàbá mi jẹ́ kí n máa to lẹ́tà. Òdì la máa ń to nǹkan: ohun tó bá máa kọjú sọ́tùn-ún lórí ìwé, òsì la ó kọjú rẹ̀ sí. Wọ́n kìlọ̀ fún mi: "Dúpẹ́, ọjọ́ tí o bá ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, ìdí kẹrosíìnì lò ń padà sí."

Tíṣà sáyẹ́ǹsì kan wà ní iléèwé Ladi-Lak tí àwa ọmọdé ń pè ní Tíṣà Olóòfà, torí pé òòfà tó ń fa irin kì í kúrò lápò wọn. Wọ́n gbé ìwé pẹlẹbẹ kan wá ká tẹ̀ fún kíláàsì wọn. Àwòrán kan wà nínú rẹ̀: oòrùn láàárín, ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ jáde lára oòrùn yí i ká, àti ìlà kan níbi tí ẹ̀fúùfù náà parí sí, tí òfuurufú àárín àwọn ìràwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọfà kéékèèké ló ń fi ibi tí agbára òòfà kọjú sí hàn. Ti inú ìlà kọjú sọ́tùn-ún, ti òde kọjú sósì.

Mo to ti inú, mo yí i bó ṣe yẹ. Ni ìyá mi bá rán mi lọ ra ata. Nígbà tí mo dé, mo to ti òde gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán. Mo gbàgbé láti yí i. Bàbá mi yẹ iṣẹ́ náà wò, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni wọ́n kà, wọn ò wo ọfà. A tẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tí Tíṣà wá kó ìwé wọn, wọ́n ṣí ọ̀kan, wọ́n nawọ́ sí àwòrán náà.

"Bàbá Dúpẹ́, gbogbo ọfà yìí ló kọjú síbì kan náà! Ẹ̀fúùfù oòrùn ti parí níbí, ibi tí òòfà kọjú sí gbọ́dọ̀ yí. Ọ̀la ni mo sì fẹ́ pín in."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú, sà. Bébà ti tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Mo fi abẹ ha ọfà òde kúrò lára ìwé kọ̀ọ̀kan, mo fi bíírò ya òmíràn tó kọjú sósì, títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Tíṣà kó ìwé wọn lọ. Èmi padà sídìí kẹrosíìnì, bàbá mi ò sì fún mi ní àwòrán tò mọ́ láéláé. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo dàgbà tán, mo ṣì gbà pé ọwọ́ mi ò ṣeé gbọ́kàn lé.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì ní Akọka sọ fún mi pé ọkọ̀ kan tí wọ́n rán lọ sáàárín àwọn ìràwọ̀, tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, ti kọjá ìlà yẹn, ibi tí ẹ̀fúùfù oòrùn parí sí. Àwọn onímọ̀ ń retí pé ibi tí òòfà kọjú sí máa yí gidigidi. Kò fi bẹ́ẹ̀ yí; bí àwọn ọfà mi ṣe kọjú síbì kan náà ló rí. Mo ní kó tún un kà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò sọ pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o. Mo gbàgbé ni. Síbẹ̀, ara tù mí bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo pe bàbá mi, tó ti darúgbó báyìí, mo rò ó fún wọn.

"Dúpẹ́, ṣé gbogbo ìwé yẹn lo fabẹ ha?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà."

"Áà! A jẹ́ pé ibi tí o ti ń tún un ṣe lo ti bà á jẹ́."

Láyé ìgbà yẹn, ká ní wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, ẹkún ni ǹ bá sun mọ́jú. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni àwa méjèèjì rín, títí káàdì fi tán lórí fóònù mi.