Fi Igba Pín Èyí Tó Kù

Ní gbogbo àsìkò tí mo ń sọ yìí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ò lè jókòó lójú kan. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì; tó bá dìde, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà. Ìdánwò ìwé mẹ́wàá ló fẹ́ ṣe, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ sì ni. Nínú méjì àkọ́kọ́, ó yege nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, ìṣirò àti físíìsì ló ń dá a padà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, wọn kì í sì í gba ẹni tí kò bá ní méjèèjì.

Bàbá rẹ̀, tí í ṣe àna mi, wá bá wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, l'Ékòó, láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ó dọ̀bálẹ̀, ó mu omi, ó wá sọ ohun tó gbé e wá.

"Màmá, tí kò bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀yìí, ẹ jẹ́ kí n máa mú un lọ. Ẹ̀gbọ́n mi á kọ́ ọ ní aṣọ rírán. Ọjọ́ orí ò dúró de ẹnikẹ́ni."

N ò bá a jà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́ ọ láti inú yàrá, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti jẹ oúnjẹ tán nínú abọ́ mọ́.

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin wà ní ìlú òyìnbó nígbà náà, físíìsì yìí gan-an ló lọ kọ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Èkó. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́yìn Màrínà tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún èèyàn, wọ́n wá ra kọ̀ǹpútà tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ gba orí wáyà tẹlifóònù. Ẹ ó tẹ ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù á dúró de láìnì, tó bá ti wọlé á rán an lọ. Èsì tó bá dé, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún yín. Tí láìnì ò bá wọlé, ẹ padà wá lọ́la nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi ti ń fi ìbéèrè físíìsì ránṣẹ́ sí i. Èsì àkọ́kọ́ tí ọmọ mi fi ránṣẹ́, gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ-ọmọ mi kà á, ó ní ó ti yé òun. Mo mọ "ó ti yé mi" tirẹ̀. Òun náà ló sọ ṣáájú ìdánwò méjèèjì tó já. Mo ní kó sọ fún Bọ̀dá rẹ̀ kó máa fi Yorùbá kọ ọ́, kí èmi tí mo ka ìwé mẹ́rin lè máa fojú sí i. Báyìí ni ìbéèrè ń lọ, tí èsì ń bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe lẹ́sìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn kún un, ọmọ mi sì di tíṣà odindi bẹ́ǹṣì kan tí kò rí ojú wọn rí.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà òyìnbó kò mọ àmì wa, kò mọ tòkè, kò mọ tìsàlẹ̀. Ìhòòhò ni Yorùbá náà ń dé. À ń ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.

Ìdánwò ti sún mọ́lé nígbà tí wọ́n béèrè nípa mọ́tò tí eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, bí wọn yóò ṣe mọ bó ṣe ń pọ̀ tó. Èsì rẹ̀ kò gùn: *Yo ere ti o koko n sa kuro ninu eyi ti o fi pari. Fi igba pin eyi to ku.*

Ọmọ náà kà á sí mi létí: igba, ọgọ́rùn-ún méjì. Mo wò ó, mo ní ṣé kì í ṣe igbá ni? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí kóńgò tó gbòde, igbá la fi ń pín gàrí.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti wá. "Màmá, ta ló ń fi igbá wọn mọ́tò?"

Ó ṣàlàyé fún mi pé físíìsì kún fún irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kì í bi ìdí rẹ̀. Òkúta tó bá ń já bọ́ látòkè, mẹ́wàá ni tirẹ̀. Tí òkúta bá ní mẹ́wàá, kí ló ní kí mọ́tò má ní igba? Mo gbà fún un. Mọ́tò kúkú tóbi ju òkúta lọ.

Gbogbo bẹ́ǹṣì fi igba pín. Tíṣà lẹ́sìnnì gba ìwé wọn, ó béèrè ẹni tó há igba fún wọn, ó ní ìgbín á ya mọ́tò wọn sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé tíṣà mìíràn wà ní ìlú òyìnbó, inú bí i. Ó ní kí wọ́n padà lọ bá a, kò sì ṣàlàyé nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, "Igba" ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pe ọmọ-ọmọ mi. Ó délé, ó ní Bọ̀dá ti gbàgbé físíìsì, ó ní kí n ránṣẹ́ sí bàbá òun kó wá mú òun lọ.

Mo wọ bàtà, mo ní ká máa lọ sí Màrínà. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: *Nibo ni igba ti wa?* Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ni iná lọ. Lọ́jọ́ kejì iná wà, láìnì ò sí. À ń lọ, à ń bọ̀, ìdánwò náà ń bọ̀.

"Màmá," ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù ní, "ẹ kúkú gbé ẹní yín wá síbí." Mo ní màá gbé e wá, kó sáà gbálẹ̀ dè mí.

Ọjọ́ Ẹtì ni èsì dé, ọjọ́ Ajé sì ni ìdánwò. *Igba ma ni. Igba bi igba ojo.*

"Ó ní igba ọjọ́," ọmọ náà wí. "Màmá, ó tún ti fi ọjọ́ kún un."

Mo ní kó rọra tún un kà. Ó kà á, ó dúró lórí ọjọ́.

"Ọjọ́. Wákàtí. Ìṣẹ́jú." Ó fi ìka tọ́ka sí i. "Kì í ṣe igba. Ìgbà ni. Ìgbà òjò ló kọ. Iye àkókò tí mọ́tò fi sáré ni ká fi pín in."

Mo ní, kì í wá ṣe igbá nìyẹn? Ó ní rárá o, Màmá. Ó yá bírò lọ́wọ́ ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù, ó yí bébà náà sẹ́yìn, ìdúró ló tún gbogbo ìṣirò náà ṣe lórí káńtà. Nígbà tó parí, ó sáré lọ wá àwọn tó ń pè é ní Igba.

Èsì ìdánwò pẹ́ kó tó jáde. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ wá, báàgì ńlá kan tó ṣófo ló gbé lọ́wọ́, mo sì mọ ohun tó fẹ́ fi kó. Ó mú ìwé èsì lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ètè rẹ̀ ń mì bó ti ń kà á. Ọmọ náà ò dúró, ó ń rìn kiri ẹ̀yìnkùlé.

"Físíìsì yìí ò ga o, Màmá."

"Ó wọlé," mo ní. "Ṣé ó wọlé àbí kò wọlé?"

Ó tún un wò. Ó ní ó wọlé, ìṣirò náà sì wọlé. Ó wá ké pe ọmọ rẹ̀, ó bi í níbi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà ní ọ̀nà Oníkàn ni, sà. Bàbá rẹ̀ ká báàgì náà mọ́ abẹ́ abíyá, ó ní kó wọ bàtà kó mú òun lọ. Ọmọ náà ti wà ní títì kí bàbá rẹ̀ tó rí salúbàtà tirẹ̀.