Oyún Belema Nílé Búrẹ́dì

Bí obìnrin bá wáṣẹ́ lọ sí ilé búrẹ́dì Àǹtí Wàsílátù lẹ́yìn ọjà Creek Road ní Pọ́táàkọ́tù, ọ̀rọ̀ ìsinmi ìbímọ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, ìbáà jẹ́ ìyá arúgbó. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ohun tó fà á.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí. Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ọkọ rẹ̀ ló gbé e kúrò ní Ìkìrun débẹ̀. Àǹtí kì í dákẹ́: búrẹ́dì jóná, ariwo, ìyẹ̀fun wọ́n, ariwo. Ó wá dún mí pé ibi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ gan-an ló ti panu mọ́.

Ní ọdún 2014, Belema, ọmọ Kalabari tó ń po ìyẹ̀fun fún un, lóyún. Àǹtí rí i. Ó rọra mú un kúrò nídìí ìyẹ̀fun, ó ní kó jókòó máa fi ọ̀rá di búrẹ́dì. Kò sọ ìdí, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fẹnu kan oyún olóyún àfi tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àǹtí sì ti ṣètò tirẹ̀ sínú. Òfin iṣẹ́ ní kí aláboyún sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó bí àti mẹ́fà lẹ́yìn ìbí, kí ọ̀gá máa san ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀, bó bá sì padà dé, kó máa ráyè fọ́mọ lọ́mú. Ṣùgbọ́n òfin tí ọ̀gá mọ̀, tí òṣìṣẹ́ kò gbọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Belema rò pé wọ́n fẹ́ lé òun ni. Ní òtẹ́ẹ̀lì tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lóyún, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé. Ló bá fi aṣọ di ikùn pinpin, ó ń gbé àpò ìyẹ̀fun kí wọ́n lè rí i pé agbára òun pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò náà. Àǹtí figbe ta, ó tú aṣọ ikùn rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, Belema lajú.

“Madam, abeg, no sack me. I fit carry am.”

“Sack kẹ̀? Who wan sack you?”

“You don see my belle, you no talk anything. You just dey comot me from work small small.”

Ara Àǹtí bù máṣọ. “Yéè, Belema! For our side, we no dey put mouth for person belle. Na you I dey wait make you talk. Go rest, I go dey pay you. Your work dey. When you born, carry pikin come, give am breast, nobody go talk.”

Omijé ti bọ́ lójú Àǹtí. Ó wá gbé ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ tì, ó gbé ọwọ́ lé ikùn ọmọbìnrin náà.

“E dey kick well? How many months now?”

Belema bú sẹ́kún. Láti ìgbà tó ti lóyún náà, kò tíì sí ẹnikẹ́ni láyé tó bi í léèrè rẹ̀.