Bàbá Kùrukùru àti Àgọ́ Aláìníhò

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan lé e, kí eyín mẹ́rin tó ṣẹ́ kù lẹ́nu mi já sínú ife tíì lójú àwọn àna mi. Mi ò jókòó ní kíláàsì rí, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó níbẹ̀ ló ń wá bi mí ní nǹkan.

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí onílé gòkè wá bá Bàbá Kùrukùru jà. Aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Kùrukùru, òkè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ó rán àgọ́ kan sí àárín pálọ̀, tó ga ju èèyàn lọ: tapólíìnì dúdú lóde, bébà dídán bíi fàdákà nínú, iná ńlá lókè, òdòdó kan ṣoṣo nínú ìkòkò nísàlẹ̀. Òdòdó yìí kò lè ṣe láìsí ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, láti àárọ̀ dalẹ́, kẹ́tùlù ń hó, táwẹ̀lì tútù ń kán tó, tó, tó, ọ̀dà ògiri onílé tó ń gbé nísàlẹ̀ sì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Onílé já wọlé. "Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé odò lẹ wá gbẹ́ sórí ilé mi ni?"

Bàbá Kùrukùru wo aago kékeré tó fi ń ka ọ̀rinrin. Ogójì ló kà, bẹ́ẹ̀ ọgọ́ta ni òdòdó ń fẹ́. Ó rọra di onílé lọ́wọ́ mú. "Ọ̀gá onílé, ọ̀rọ̀ yín tóbi ju ohun tí à ń sọ ní gbangba lọ. Ẹ jẹ́ ká wọ kọ̀rọ̀." Ó mú un wọnú àgọ́, ó gbé àga sí i nídìí, ó jáde, ó sì fa síìpù pa.

"Ó yá, ẹ máa wí!"

Onílé wí. Ó wí ti ọ̀dà, ó wí ti àjà, ó wí ti bàbá tó bí aránṣọ. Bó ṣe ń wí ló ń làágùn, bó ṣe ń làágùn ni aago ń gòkè. Nígbà tó dé márùndínlọ́gọ́ta, onílé dákẹ́ láti mí. Bàbá Kùrukùru gbá àgọ́ pàpà. "Ẹ bú ìyá mi náà mọ́ ọn, ó ku márùn-ún!"

Nígbà tó tú u sílẹ̀, ẹ̀wù onílé ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ẹni tó bọ́ sódò. Bàbá Kùrukùru bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Ìgbà wo lẹ tún máa bínú?"

Kì í ṣe wèrè ló ń ṣe é. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló fi òdòdó náà sílẹ̀ kó tó kú. Lójú fèrèsé ló máa ń wà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló sì ń tanná. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Kùrukùru ń wá ibi tí yóò gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sí, ló bá gbé e ti ìkòkò òdòdó. Kó tó rántí, ewé ti yangbẹ bíi bébà. Mẹ́ta péré ló kù.

Ìyàwó tó bá ń pariwo, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Èyí kò pariwo. Ó ṣa àwọn ewé tó jóná, ó ní, "Ohun tó kù lọ́wọ́ mi nínú ìyá mi nìyí." Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò bá ọkọ rẹ̀ sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Lọ́jọ́ kẹwàá ni aránṣọ búra pé òdòdó náà á tún tanná, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán àgọ́.

Ẹni tó ń ta òdòdó ti kìlọ̀ fún un: tí ọ̀rinrin bá dín, ewé á gbẹ, tó bá lé, ewé á jẹrà. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn tí onílé wá jà, aago ti lé dé àádọ́rùn-ún. Bàbá Kùrukùru, tí kò ra abẹ́rẹ́ rí láìjẹ́ pé ó ná an, dúró níwájú rẹ̀.

"Àádọ́ta," ó ní.

Aago kò mira.

"Ó dáa, ọgọ́ta, torí pé oníbàárà yín ni mí." Ó kẹ̀yìn sí i, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa pe òun padà. Ó rìn títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo ọjà tó ná láyé rẹ̀, ìyẹn nìkan ni kò pè é padà.

Ohun funfun kan hù sára ewé, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ẹnì kan ní iyọ̀ máa ń fa omi. Bàbá Kùrukùru kó gbogbo iyọ̀ ilé, ó tẹ́ abọ́ mẹ́sàn-án sínú àgọ́.

"Baálé mi, ọbẹ̀ yìí kò níyọ̀."

"Òdòdó ń lò ó."

"Ṣé òdòdó ló máa jẹ ọbẹ̀ náà?"

Inú rẹ̀ dùn dé ọrùn: ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí ìyàwó rẹ̀ ti bá a sọ láti oṣù kan nìyẹn. Iyọ̀ mu omi títí, ó di omi fúnra rẹ̀. Aago ka méjìléláàádọ́rùn-ún. Ewé kan já, èkejì tẹ̀ lé e.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan inú àgọ́. "Ìkòkò tí a dé lórí iná, ibo ni ooru inú rẹ̀ ń gbà jáde? Ẹ dá ihò sí i."

"Ihò? Nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi?"

Ẹ gbọ́ o. Fún ogójì ọdún, ojú rírán rẹ̀ kan kò tú rí. Ọkùnrin kan sanra mọ́ ṣòkòtò tó rán. Ọkùnrin náà ló dákú, òwú kò já. Ìlọ́po mẹ́ta ló sì rán àgọ́ yìí.

"Ẹ kúkú ní kí n gé etí mi."

"Etí yín ò lè wo òdòdó sàn." Obìnrin náà wo ewé kan tó kù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, baálé mi. Ẹ ti gbìyànjú. Mi ò bínú mọ́."

Àìbínú yẹn ló bà á lẹ́rù. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì gé e: ihò kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ó kérora bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. Ó fi fáànù kékeré sí ti ìsàlẹ̀. Àmọ́ aránṣọ ni aránṣọ ń jẹ́: ó fi òwú pupa rán etí ihò méjèèjì, ó fi ìbòjú àti bọ́tìnnì mẹ́rin mẹ́rin sí wọn. Tí ọ̀rinrin bá lé, á ṣí bọ́tìnnì kan. Tó bá dín, á dé e padà. "Ihò ni lóòótọ́," ó ń sọ fún gbogbo àlejò, "ṣùgbọ́n ihò tó gbẹ̀kọ́ ni."

Aago sọ̀ kalẹ̀ sí ọgọ́ta, ó sì jókòó síbẹ̀.

Oṣù méje kọjá. Ewé tuntun yọ, èèhù yọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òdòdó náà là. Bàbá Kùrukùru, tó máa ń kéde tó bá rí bọ́tìnnì tó sọnù, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ pe ìyàwó rẹ̀ ní kíṣìnnì, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà wọnú àgọ́. Ọkọ rẹ̀ rọra fa síìpù tẹ̀ lé e, ó sì dúró síta.

Ìgbà náà ni onígbàjámọ̀ òdìkejì títì kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

"Ẹ padà wá lọ́la," Bàbá Kùrukùru sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìyá ìyàwó mi ló wá kí wa."

Onígbàjámọ̀ wà níbi tí wọ́n ti sin ìyá náà. Ó wo àgọ́, ó gbọ́ ẹni tó ń sunkún jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọdún kejì ni Bàbá Kùrukùru kú, lójú oorun. Opó rẹ̀ ló ń ṣí bọ́tìnnì báyìí, kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi onígbàjámọ̀ náà. Abẹ-Fẹ́lẹ́ là ń pè é, ó wà láàyè, ó ṣì ń fárí níbẹ̀, ṣòkòtò tí wọn ò bá a gé mọ́ náà sì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dòní.