Kámẹ́rà Tí Kò Rí Afárá

Nínú gbogbo àwòrán tí mo yà nípa afárá tó já ní àdúgbò kan ní Igando, kò sí ẹyọ kan tí afárá náà wà nínú rẹ̀.

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn nígbà náà, kámẹ́rà onífíìmù sì ti ń kógbá sílé. Ìyẹn ló mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ikotun láti ra kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí mo máa ní. Méjì ni mo wò. Ọ̀kan ní ihò kékeré lókè tí èèyàn lè fojú kan wò. Èkejì ò ní ihò. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó ń tàn bíi tẹlifíṣọ̀n. Mo nawọ́ sí oníhò, oníṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún fẹ́ máa di ojú kan bí ọdẹ? Ayé ti kúrò níbẹ̀ jàre!"

Ojú tì mí. Mo ra èyí tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n. Inú ṣọ́ọ̀bù la ti dán an wò. Oòrùn ò dé ibẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni mo dé ibi afárá. Ọkọ̀ kankan ò lè gba ibẹ̀ lọ sí ọsibítù mọ́. Aboyún kan tí oṣù rẹ̀ ti pé dì mí lọ́wọ́ mú.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ihò ibi tí afárá ti já yìí hàn dáadáa o. Àwọn káńsù ní irọ́ là ń pa. Tí ìrọbí bá mú mi, ṣé ẹ̀yìn ọkọ mi ni n ó gùn ni?"

"Ọkọ ẹ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn?" ni aládùúgbò rẹ̀ dáhùn. "Ìwọ lo máa pọ̀n ọ́n!"

Àwọn lándílọ́ọ̀dù dé fìlà, wọ́n tò síwájú ihò bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò ìdílé. Mo ní kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n yà díẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sókè: oòrùn ti pa ojú rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọwọ́ ṣíji bò ó, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, pàbó ló já sí. Mo bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, bí afọ́jú.

Ọlọ́kadà gbé mi lọ tààrà sí káńsù, kí n lè bá ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀nà níbẹ̀ kó tó lọ sílé. Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí kò sí oòrùn, àwòrán mọ́ gaara. Sánmà. Fìlà. Gèlè. Etí lándílọ́ọ̀dù kan.

Ọ̀gá náà wò ó títí. "Fìlà yìí dára o. Afárá ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní aboyún kan wà níbẹ̀ tí ìrọbí lè mú nígbàkigbà.

"Ẹ lọ ya òmíràn wá," ló wí. "Tí mo bá ti rí ihò nínú àwòrán, ẹnjiníà á lọ wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀."