Ìgò Tí Ẹ̀gbọ́n Kò Wò

Jẹ́-ó-Tòrò ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sì sí dókítà tó lè kán obìnrin yìí lójú. Bí wọ́n bá ti béèrè èsì, ohun kan náà ló máa ń sọ: “Ẹ jẹ́ ó tòrò ná.” Ẹ̀jẹ̀ inú túùbù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì, kí ẹ̀rọ tó yí i, kí omi aláwọ̀ ìyeyè tó dá dúró lókè. Omi yẹn ni sírọ́ọ̀mù. Ara rẹ̀ ló ti ń mọ bí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín aláìsàn ti ń ṣe sí. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dénú, ó sì tún fẹ́ràn kí ayé mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, aránṣọ ni. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, àmọ́ irorẹ́ ti fi àpá dúdú sí i lójú láti kékeré, ó sì máa ń dùn ún.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí ẹbí pé sí pálọ̀ Jẹ́-ó-Tòrò, àbúrò yìí yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ojú mi! Sírọ́ọ̀mù ni mo ń lò o.”

Jẹ́-ó-Tòrò bú sẹ́rìn-ín. “Sírọ́ọ̀mù kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ta lo fi ń para?” Gbogbo pálọ̀ hó fún ẹ̀rín. “Inú ẹ̀jẹ̀ ni sírọ́ọ̀mù ń gbé. Ẹni tó ta èyí fún ẹ kàn fi ẹ́ ṣe ọ̀bọ ni.”

Àbúrò fi ẹ̀rín bo ìtìjú mọ́lẹ̀. “Ẹ ṣáà bá mi wò ó. Mi ò rí orúkọ ẹni tó ṣe é lára ìgò, ẹsẹ̀ mi sì ń wú díẹ̀díẹ̀.”

“Gbé e kúrò níwájú mi jọ̀ọ́. Ṣé mo jọ oníṣòwò ìpara lójú ẹ ni?”

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ ní Ìyá Sírọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àbúrò dín wíwá sílé ẹ̀gbọ́n kù.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Jẹ́-ó-Tòrò yọ túùbù kan nínú ẹ̀rọ láàárọ̀. Sírọ́ọ̀mù inú rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n da mílíìkì sí i. Ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀, èsì ẹ̀rọ sì fi hàn pé kíndìnrín ẹni yìí ti ń dàrú. Ó wo orúkọ tó wà lára túùbù. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ni.

Ó tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń bẹ ẹ̀rọ kó purọ́ fún òun. Lẹ́yìn náà ló sáré gun àtẹ̀gùn lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ojú àbúrò ti wú débi pé agbára káká ló fi là á.

“Kí ló dé tí o ò pè mí?”

“Ẹ ó tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.” Kò bínú sọ ọ́. Bó ṣe rí ló sọ ọ́.

Wọ́n gba ìgò náà, èyí tí àbúrò ṣì ń lò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: mákúrì ló kún inú rẹ̀, májèlé tó máa ń bó àwọ̀ ara, tó sì ń jẹ kíndìnrín.

“Mo sọ fún un pé kì í ṣe sírọ́ọ̀mù,” Jẹ́-ó-Tòrò sọ fún dókítà tó ń tọ́jú awọ ara.

Dókítà mi orí. “Mà, àwọn oníṣẹ́ ìpara náà ní sírọ́ọ̀mù tiwọn. Omi fífúyẹ́ tó ń tètè wọ awọ ara ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò sì léwu. Kò sí irọ́ nínú orúkọ yẹn. Ohun tí wọ́n rọ sínú ìgò yìí gan-an ni wàhálà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Orúkọ ló bá jà, ó fi májèlé sílẹ̀.

Nígbà tí ara àbúrò yá díẹ̀, Jẹ́-ó-Tòrò kúnlẹ̀ níwájú àbúrò tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n dàgbà. “Dárí jì mí.”

“Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tán.”

Kò tán. Kíndìnrín kò padà bọ̀ sípò tán. Bí ó bá rán aṣọ kan, àfi kó lọ dùbúlẹ̀. Ó ṣì ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n fún un ní oògùn tuntun, ilé oníkẹ́mísìtì tó wà ní ìkóríta ló gbé e lọ pé kí wọ́n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Jẹ́-ó-Tòrò ló sì gbà kọjá.