Ọtí Tí Kì Í Rùn

Ìyàwó káfíńtà ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ, torí kò gbà pé ọkọ òun kì í mutí. Láràárọ̀, kí bàbá tó jẹun, á máa ta gbọ́ngbọ́n, á máa sọ ìsọkúsọ. Ìyàwó á gbóòórùn ẹnu rẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan, ìfura á tún wá le sí i.

Lọ́jọ́ tí bàbá ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Dókítà nawọ́ sí àmì kékeré kan lẹ́yìn àpòlúkù.

"Ìyá, kókó yìí ṣọ̀wọ́n. Òun ló ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ tébi bá ń pa wọ́n, tí wọ́n fi ń ṣe bí ọ̀mùtí. A máa yọ ọ́."

"Inú ta nìyí? Àbí ẹ̀yin àti bàbá wọn ti jọ gbìmọ̀?"

"Inú wọn ni. Èyí tí ò yé mi ni ìṣó tó wà nínú ìfun yìí."

Ìyá sún mọ́ àwòrán náà. Ètè ni bàbá fi ń di ìṣó mú tó bá ń kan pákó. Ìyá wá mọ̀ pé inú ọkọ òun ni lóòótọ́.

"Ṣé o wá gbà pé mi ò mutí?" ni bàbá béèrè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo gbà, bàbá wọn. Ìṣó lẹ̀ ń jẹ."